Ìyá Atẹ̀wé Bo Orúkọ Mọ́lẹ̀

Ẹ bá mi wo obìnrin yìí. Ìyá Atẹ̀wé là ń pè é, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ tó fi ń gé ìwé lọ. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń tẹ pósítà fún gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú, iṣẹ́ kan kì í sì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó má tọ́jú ẹyọ kan sínú àpótí onírin. Òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Àfi bí òṣèlú ṣe kó sí wọn láàárín. Ẹ̀gbọ́n ń ṣe ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà, àbúrò ń ṣe ti alátakò. Lọ́jọ́ tó pe àbúrò rẹ̀ ní òpùrọ́ lójú oníbàárà, ìyẹn bá tirẹ̀ lọ. Ọdún méjì gbáko, kò yọjú. Obìnrin náà kì í sọ ọ́, àmọ́ ó ń dùn ún wọra.

Àríyànjiyàn àwọn oníbàárà ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Bí ẹgbẹ́ tiwọn bá ṣe nǹkan, ìwà burúkú ni. Bí tiwa bá ṣe é, ọgbọ́n ìṣèlú ni. Irú ìsọkúsọ wo nìyẹn? Ó bá mú ìwé ìléwọ́ àtijọ́ méjì jáde, ọ̀kan láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó fi páálí bo orúkọ àti àwòrán wọn.

"Ẹ kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ lẹ́jọ́," ló wí. "Tó bá yá, a óò wo ẹni tó ni ín."

Ẹni tó bá ti dájọ́ kò gbọdọ̀ yí i padà. Bí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ ìwé méjèèjì ò jọra, á ní kó ṣàlàyé. Nígbà mìíràn, wọn ò jọra lóòótọ́, á sì gbà bẹ́ẹ̀.

Òkìkí eré yìí kàn dé etí àbúrò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọlé wẹ́rẹ́, ó kí wọn kú iṣẹ́, ó lọ tààrà sídìí àpótí. Ó fa ìwé kan yọ, ó bo orúkọ rẹ̀.

"Ẹ dá tiyín, ẹ jẹ́ á gbọ́."

Ìwé náà ní ọ̀tá ìlú ni ẹnikẹ́ni tó bá ṣe ìwọ́de, kí ọlọ́pàá kó wọn dànù. Ìyá Atẹ̀wé fárí gá.

"Ìwà ìkà gbáà ni. Ẹni tó kọ èyí ò yẹ nípò."

Àbúrò ṣí páálí. Ẹgbẹ́ Ìyá Atẹ̀wé ni. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, kò kàn kà á ni, nítorí pé tiwọn ni.

Àwáwí mẹ́ta ló sáré wá sí i lẹ́nu, ó sì gbé gbogbo wọn mì.

"Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n," ó wí. "Mo ti dájọ́, n ò yí i padà. Ìwà ìkà ni, ẹgbẹ́ mi ló sì hù ú. Òpùrọ́ tí mo pè ọ́ lọ́jọ́sí, mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Má bínú."

Ọkùnrin náà ti múra ìjà wá. Kò múra fún èyí rárá.

"Àwọn tèmi náà ṣe irú ẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lórí àlééfà. Mo mọ̀, mo dákẹ́ ni."

"N ò kúrò nínú ẹgbẹ́ mi o."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kúrò? Èmi náà ò ní bá yín dìbò láéláé."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Atẹ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wọlé ìbò rí tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, ó fa àga sídìí ẹ̀rọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó bi í, "èwo la máa kọ́kọ́ tẹ̀?"