Pálọ̀ Mi Tó Ń Bá Ìyá Mi Dá Orin

Kò sí pálọ̀ tó dà bíi tèmi ní gbogbo àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Táìlì ni mo fi tẹ́ ilẹ̀, táìlì ni mo fi bo ògiri kanlẹ̀. Èmi tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní pírámárì fọ́ọ̀! Òwò gààrí tí mo gbà lọ́wọ́ ìyá mi ni mo fi kọ́ ilé náà. Nígbà tí mo wá fẹ́ fi fóònù gba orin tí ìyá mi fi ń rẹ̀ wá lẹ́kún ní kékeré sílẹ̀, ibo ni kí n tún gbé wọn jókòó sí?

Wọ́n kọrin. Mo tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n gbọ́. Bí ohùn wọn ṣe ń jáde ni òmíràn ń sáré tẹ̀lé e láti ara ògiri.

“Ta nìyẹn?”

“Ẹ̀yin ni, Ìyá.”

“Èmi kọ́. Ewúrẹ́ tó já sí kànga ni. Pa á rẹ́!”

Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan péré làwọn tún máa kọ ọ́, torí àwọn ń padà sílé àwọn ní Ìmùṣin. Bí kò bá dára, ká gbàgbé ẹ̀.

Mo ń rìn kiri ilé, mo ń pàtẹ́wọ́, mo ń fetí sílẹ̀. Ilé ìdáná ń dún. Yàrá ń dún. Mo dé sítọ́ọ̀ gààrí, mo pàtẹ́wọ́, pàá! Ó kú síbẹ̀. Àwọn àpò ti gbé e mì. Ọlọ́run fún mi lọ́pọlọ, mi ò ní í purọ́!

“Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ kọ ọ́ ní sítọ́ọ̀.”

“Kí n fi pálọ̀ ọmọ mi sílẹ̀, kí n lọ jókòó ti gààrí? Ó tì o.”

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ru àpò gààrí wọ pálọ̀. Mo tò ó yí ìyá mi ká títí táìlì kankan ò fi hàn mọ́. Ìyàwó mi di ẹ̀gbẹ́ mú, ẹ̀rín fẹ́ pa á: “Bàbá àwọn ọmọ mi, táìlì tẹ́ ẹ fi ń yangàn dà?”

“Pa fáànù, jàre! Ìyá, ó yá.”

Háà! Ohùn náà mọ́ gaara, àfi bíi pé etí mi gan-an ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ó kù díẹ̀ kó parí ni obìnrin oníbàárà kan yọjú lójú fèrèsé: “Ẹ kú ọjà o! Èló ni kóńgò gààrí?”

Mo gbá orí mú. Ìyá mi ò dúró, wọ́n kọ ọ́ parí. Mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Nígbà tó kan ohùn obìnrin yẹn, ìyá mi bú sẹ́rìn-ín.

“Èmi rèé! Má gé e kúrò o. Ìgbà wo ni mo kọrin yìí fún yín rí tí oníbàárà ò já lù mí?” Wọ́n kọjú sí ìyàwó mi. “Ìyàwó mi, tètè dá a lóhùn kó tó lọ!”