Ẹni Tó Ń Bá Mi Tọ́ Áísìkirimù Wò Nínú Ààwẹ̀

Lọ́dún tí dókítà ní kí ìyá mi má gbààwẹ̀ mọ́, ilé wa ní Sabon Zongo, nílùú Accra, dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ààfáà mọ́ṣáláṣí wa wá sílé, wọ́n ṣàlàyé pé Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda fún arúgbó àti aláìsàn, pé kí a máa bọ́ tálákà kan lójoojúmọ́ dípò rẹ̀. Ìyá mi ní àwọn gbọ́, wọ́n sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán, wọn ò jẹun. Wọ́n ní àwọn ò lè máa jẹnu lójú àwọn tí ẹnu wọn gbẹ.

Àwa ń gbààwẹ̀, a ń retí èrè níbẹ̀. Ìyá mi ń febi pa ara wọn lásán, oògùn wọn kò sì ṣeé lò láìjẹun.

Áísìkirimù ni wọ́n fẹ́ràn jù. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ tà á bá fọn fèrè kọjá, ìyá mi ló máa ń kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe àwa ọmọ. Ṣùgbọ́n inú wọn kò gba wàrà mọ́. Ni mo bá pinnu láti ṣe èyí tí kò ní wàrà nínú. Mo rẹ òfìò, tí gbogbo Accra mọ̀ sí atadwe, mọ́jú. Mo lọ̀ ọ́, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ. Mo wá lọ omi funfun rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti dì gan-an nínú fírísà, mo fi dàbínù sí i dípò ṣúgà. N kò gbé nǹkan kan kaná, torí òfìò tó bá rí iná á ki bí ẹ̀kọ ni. Mo gbé gbogbo rẹ̀ padà sínú fírísà, mo sì ń bẹ Ọlọ́hun kí iná má lọ.

Ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi, n kò tọ́ ọ wò. Nígbà tí a ṣínu, mo gbé e fún wọn. Wọ́n fi ṣíbí kan ahọ́n, wọ́n wò mí.

"Ṣé omi tí o fi ṣan ìkòkò lo dì fún mi?"

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Mo tọ́ ọ wò, òótọ́ ni. Adùn máa ń rẹlẹ̀ nínú ohun tó bá dì, dàbínù mi kò sì tó.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àyílà, mo tún lọ òmíràn. Nílé wa, láti ayé ìyá bàbá mi, bí a bá ń dáná nínú ààwẹ̀, ẹni tí kò gbààwẹ̀ ni à ń pè kó wá tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù ló sábà máa ń jẹ́, ojú kì í sì í tì í, iṣẹ́ ilé ni. Lọ́jọ́ náà, ìyá mi nìkan ni irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé mo ń dá ọgbọ́n kankan láti fi mú wọn jẹun. Mo kàn fẹ́ kó dùn ni.

"Màámi, ẹ dákun, ẹ bá mi tọ́ eléyìí wò. Ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi."

Wọ́n dìde lórí ẹní. Wọ́n tọ́ ọ, wọ́n ní dàbínù kù. Mo fi kún un. Wọ́n tún tọ́ ọ, wọ́n ní kí n rin atalẹ̀ díẹ̀ sí i. Wọ́n bu ṣíbí mìíràn, wọ́n ní àwọn ò tíì mọ adùn rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n fi máa dá abọ́ padà, èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ nìkan ló kù.

"Ó ti ń bọ̀ sípò," ni wọ́n wí. Wọ́n wá béèrè oògùn wọn.

Láti ọjọ́ náà, wọ́n á ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná kí n tó pè wọ́n. Nígbà mìíràn wọ́n á ní kóósé, ìyẹn àkàrà, ló yẹ kí àwọn yẹ̀ wò, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò títí àwo á fi mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé wọ́n ń jẹun. Mo ń dúpẹ́ nínú ìforíkanlẹ̀ mi.

Lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, mo tọ́ áísìkirimù náà wò fúnra mi, mo pín in fún àlejò. Ìyá mi gba tiwọn, wọn ò jẹ ẹ́.

"Ta ló tọ́ ọ wò?"

Mo ní èmi ni.

Wọ́n gbé abọ́ kalẹ̀, wọ́n na ọwọ́ gba ṣíbí tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi tọ́ ọ wò. Àwọn àlejò gbé abọ́ tiwọn dání, wọ́n ń wo ìyá mi lẹ́nu, títí ìyá mi fi mi orí pé ó ṣeé jẹ.