Ìkòkò Ògì Àmọ̀kẹ́ àti Wòlíì Orí Rédíò

Àmọ̀kẹ́ tó ń ta ògì ní Ìkẹ́rẹ́ kì í ṣe ẹni tí í bẹ̀rù ariwo. Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ìfẹ́olúwa, ògì ló sì fi rán an níléèwé. Ẹnu rẹ̀ mú, gbogbo àdúgbò mọ̀. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan báyìí, rédíò pa á lẹ́nu mọ́.

Sátidé tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó ọmọ náà. Wọ́n ti ṣe ìdána tán. Bíbélì àti òrùka ti wà lọ́wọ́ Ọlámidé, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Àgbàdo-Èkìtì, ó ku kí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ̀kẹ́ wà lẹ́yìn ilé, ó ń gbọ́n omi orí ògì sínú korobá kó lè bu tuntun sí i. Rédíò wà lójú fèrèsé, Wòlíì Olúwaṣògo sì ń lọgun nínú ẹ̀ bí ẹni tí ìjàlọ wọ inú ṣòkòtò rẹ̀.

"Mo rí ìyá kan!" ni wòlíì wí. "Apá Èkìtì níbí ni. Ìgbéyàwó ń bọ̀ nílé rẹ̀. Ìkòkò kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, aṣọ funfun wà lẹ́nu ìkòkò náà. Ìràwọ̀ àwọn ọmọ yẹn ló dè síbẹ̀! Ẹ̀yin àna rẹ̀, ẹ sá o!"

Wòlíì tó rí ìkòkò aláṣọ funfun ní Èkìtì, bí ẹni rí ewúrẹ́ lọ́jà ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò sí lọ́kàn Àmọ̀kẹ́ lásìkò yẹn. Ó wo ìkòkò rẹ̀. Ó wo aṣọ funfun tó fi ń sẹ́ ògì, tó máa ń so mọ́ ẹnu ìkòkò nítorí eṣinṣin. Ìkòkò òun rè é. Ìgbéyàwó ọmọ òun rè é.

Ògì ni, ta ni ò mọ̀? Àmọ́ àwọn ará Àgbàdo ò mọ ẹ̀yìn ilé rẹ̀, rédíò yìí gan-an ni Olúwọlé, bàbá ìyàwó, sì fi ń jí lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá ní àwọn ò ṣe mọ́, kí ló fẹ́ wí fún Ìfẹ́olúwa?

Ibi tó dúró sí nìyẹn tí Dorcas, aládùúgbò rẹ̀, fi yọ.

"Ìyá Ìfẹ́olúwa, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ gbọ́ rédíò?"

"Rédíò wo?"

"Èyí tó ń pariwo lójú fèrèsé yín yẹn."

"Ó ń dá sọ̀rọ̀ ni. N ò gbọ́ tiẹ̀."

Ojú Dorcas ti wà lára ìkòkò. "Ìkòkò yín yìí tóbi o."

"Ó ti tóbi láti ìgbà táwọn ọmọ ẹ ti ń mu nínú ẹ̀. Ṣé o fẹ́ wọ̀n ọ́n ni?"

Dorcas rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ò dé ikùn, ó bá tiẹ̀ lọ. Kò tíì wọlé tán tí Àmọ̀kẹ́ fi wọ́ ìkòkò lọ sí ilé ìdáná, ó da àpò òfìfo bò ó, ó to igi lé e. Ó pe Ọlámidé lórí fóònù. Kò gbé e. Ó tún pè é, wọ́n ti pa fóònù náà.

Bó ṣe di pé kò lè pààrọ̀ omi ògì mọ́ nìyẹn. Ojú ọ̀nà ni gọ́tà wà. Bó bá da omi kíkan síbẹ̀, wọ́n á ní ó ń ṣètùtù. Ògì náà bá jókòó sábẹ́ àpò, ó ń kan lọ.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Motọ́lání, ìyá ìyàwó, ló sọ̀, ó gbá ẹrù ńlá kan mọ́ra, ó fi aṣọ dì í. Àmọ̀kẹ́ tẹjú mọ́ ẹrù náà. Ẹrù ìdána ni wọ́n kó padà wá yìí.

Wọ́n kíra, wọ́n jókòó, kò sẹ́ni tó wojú ẹnì kejì.

"Ẹ má bínú pé mi ò pè," ni Motọ́lání wí. "Èmi ni mo gba fóònù lọ́wọ́ Ọlámidé, kó má bàa bá ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ kí n tó dé."

"Àna mi, ẹ sọ ọ́ kó tán. Bó bá jẹ́ Bíbélì lẹ gbé wá, ẹ gbé e kalẹ̀."

"Bíbélì kẹ̀? Bíbélì wo ló tóbi tó báyìí?" Ẹkún bọ́ lójú Motọ́lání. Ó tú ẹrù. Ìkòkò ni, aṣọ funfun sì wà lẹ́nu ẹ̀. "Ògì ni, Ọlọ́run gbọ́! Bàbá Ọlámidé ní kí n fọ́ ọ kí ẹ̀yin tó gbọ́. Mo ní ìkòkò ìyá mi ni, kàkà kí n fọ́ ọ, kẹ́ ẹ fojú ara yín wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí rédíò kọ ọmọ mi."

Àmọ̀kẹ́ dìde, ó wo inú ìkòkò náà. Motọ́lání bá fa imú.

"Kí ló ń rùn nínú ulé yìí? Ṣé eku ló kú ni?"

Àmọ̀kẹ́ dì í lọ́wọ́ mú, ó fà á lọ sí ilé ìdáná. Ó gbé igi kúrò, ó ká àpò. Òórùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn ṣubú.

"Ẹ̀yin náà?" ni Motọ́lání wí.

"Èmi náà."

Ẹ̀rín ló kù. Wọ́n rín in títí gèlè Motọ́lání fi já bọ́ sínú eérú. Dorcas gbọ́ ọ, ó sáré dé.

"Wá wò ó," ni Àmọ̀kẹ́ wí. "Ìkòkò wòlíì ti di méjì."

Dorcas wo méjèèjì, ó rọra jókòó sórí àpótí. "Tèmi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣé ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ mi ni Ìdòwú, ọmọ tí mo tọ́, ti ń lọ sílé ọkọ lóṣù tó ń bọ̀."

"Abájọ tí o fi ń wo tèmi bí olè!"

"Mò ń gbàdúrà kó jẹ́ tiyín ló rí ni, kí ọkàn mi lè balẹ̀."

"Ọlọ́run á san án fún ẹ."

Fóònù Motọ́lání dún. Olúwọlé ọkọ rẹ̀ ni. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ká gbé ìkòkò tiwa mọ́ tiwọn. Ẹ̀kọ ìgbéyàwó ò ní tó."

Àmọ̀kẹ́ gbé ìkòkò rẹ̀ jáde sójú ọ̀nà, ó yí i, ó da omi kíkan náà sí gọ́tà lójú gbogbo ayé. Kò kánjú dà á.