Dókítà Ọlọ́wọ́ Tútù

Bàbá mi ló ń pe dókítà ní Ọlọ́wọ́ Tútù. Lọ́jọ́ tí dókítà kọ́kọ́ fọwọ́ kàn wọ́n lẹ́yìn, ṣe ni bàbá mi fò sókè, wọ́n ní bóyá inú yìnyín ni màmá dókítà ń kó ọwọ́ sí kí wọ́n tó wá síbi iṣẹ́. Dókítà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn títí ó fi gbóná.

Àgbàlagbà obìnrin ni wọ́n. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní ilé ìwòsàn ńlá, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì máa ń jókòó lọ́sàn-án sí yàrá kékeré kan lókè ilé ìkàwé, tòun ti bẹ́ẹ̀dì kan àti kọ́tíìnì tí kì í pa dé dáadáa. Àwọn tó sá kúrò nílùú wọn nítorí ẹ̀mí wọn ló ń wá síbẹ̀. Dókítà á yẹ àpá ara wọn wò, wọ́n á sì kọ ohun tí wọ́n rí fún ilé ẹjọ́, láìgba kọ́bọ̀.

Télọ̀ ni bàbá mi. Àwọn ṣójà lù wọ́n ní àtìmọ́lé nílùú wa, ìdí tí a fi sá nìyẹn. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba tó kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò ní orílẹ̀-èdè tí a sá wá yìí ní irọ́ ni. Bí ilé ẹjọ́ náà bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn yóò dá wa padà. Lọ́yà wa wá ní ká lọ rí dókítà.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo jókòó sí. Màmá mi tó bá wọn wọlé ló sọ ìyókù fún mi, bàbá mi sì gbà kí n kọ ọ́.

Dókítà ń bi wọ́n léèrè àpá kọ̀ọ̀kan: kí ló fà á, ṣé wọ́n dákú, ta ló tọ́jú ẹ̀. Ṣójà, ṣójà, ṣójà ni bàbá mi ń dáhùn. Nígbà tó kan apá ọ̀tún, níbi tí àpá kan wà tó fẹ̀ nídìí tó sì ṣóńṣó lórí, wọ́n tún ní ṣójà. Màmá mi ò lè pa á mọ́ra.

“Bàbá ọmọ mi, ṣójà wo ló ń lọ ṣòkòtò ní ṣọ́ọ̀bù wa?”

Bàbá mi dorí kodò. Wọ́n ní ẹ̀rù ló ń ba àwọn, pé bóyá tí àpá bá pọ̀ sí i, ilé ẹjọ́ á gba àwọn gbọ́.

“Mo ti rí i pé áyọ́ọ̀nù ni kí ìyàwó yín tó sọ̀rọ̀,” ni dókítà wí. “Tí mo bá kọ irọ́ ẹyọ kan, wọ́n á tìtorí ẹ̀ sọ pé irọ́ ni ti ẹ̀yìn yín náà. Áyọ́ọ̀nù ni màá kọ.”

Bàbá mi bínú wọ ẹ̀wù. Nílé, wọ́n ní dókítà ti ba tiwa jẹ́.

Ní ilé ẹjọ́, agbẹjọ́rò ìjọba gbé ìwé dókítà dání, ó ní ẹni tí bàbá mi fúnra wọn lọ bá ti kọ ọ́ pé kì í ṣe ṣójà ló dá àpá apá ọ̀tún sí wọn lára. Ṣé òótọ́ ni? Mo rí òógùn lọ́rùn bàbá mi.

“Òótọ́ ni, sà. Áyọ́ọ̀nù ló jó mi níbẹ̀. Ẹ̀yìn mi ni ti àwọn ṣójà.”

Adájọ́ wá ka ohun tí dókítà kọ nípa ẹ̀yìn náà sókè, láì kánjú. Agbẹjọ́rò ìjọba ò bi bàbá mi ní nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí ìwé ìgbélùú wa jáde, a lọ sọ́dọ̀ dókítà láti dúpẹ́. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lórí ìbínú ọjọ́sí, dókítà ò jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀. Wọ́n bi bàbá mi bóyá ẹ̀yìn ṣì ń dùn wọ́n tí wọ́n bá tẹ̀ba sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàbá mi ní ó ń dùn, pàápàá láàárọ̀.

“Ẹ bọ́ ẹ̀wù,” ni dókítà wí. “Ti kóòtù ni mo wò lọ́jọ́sí. Ẹ jẹ́ n wá wo tiyín.”