Ìdáhùn Tí A Fagi Lé

Ẹnu mi kì í gbélé. Ìyá mi sọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú, ọkọ mi náà ń sọ ọ́ di òní. Mo ti fi ẹnu yìí ba ọ̀rẹ́ jẹ́, mo ti fi lé àna sá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà ní Ìkòròdú, láàárín àwọn ọdún 1950, tí mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run kò dá mi ní onísùúrù.

Tíṣà ìṣirò ni mí nígbà náà. Káńsù fẹ́ rán ọmọ kan láti agbègbè wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìbàdàn, lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá mọ ìṣirò jù. Àwọn tó jókòó ṣe ìdánwò náà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kò pọ̀ rárá, nítorí ìṣirò ńlá ni, irú èyí tí àwọn tíṣà mìíràn pàápàá ń sá fún. Àwa mẹ́ta ni wọ́n ní kí a ṣe máàkì rẹ̀, nínú kíláàsì kan ní àdúgbò Lásúnwọ̀n ní Ìkòròdú, nígbà tí àwọn ọmọ wà ní ọlidé. Ọ̀gá wa jẹ́ àgbà tíṣà tó ti ń kọ́ni kí wọ́n tó bí mi, ọkùnrin sígbọnlẹ̀ kan tí kì í bọ́ kóòtù rẹ̀ bí oòrùn ti wù kó mú tó. Ẹnì kejì jẹ́ Mùsùlùmí, ọmọ Ìkòròdú, oníwà tútù. Ààwẹ̀ ni ó ń gbà, ètè rẹ̀ gbẹ, kò sì ráhùn. Èmi ni ẹ̀kẹta. Èmi ni mo kéré jù, èmi nìkan sì ni obìnrin.

Àwọn ènìyàn rò pé iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe máàkì ìṣirò kò ju kí ó wo ìdáhùn, bó bá tọ̀nà kí ó fún un, bí kò bá tọ̀nà kí ó fàlà sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní máàkì ọ̀nà, ó ní máàkì ìdáhùn. Bí ọmọ bá ṣi nǹkan rò níbẹ̀rẹ̀, tó wá fi iye tó ṣì yẹn bá iṣẹ́ lọ bó ti yẹ, a ó tẹ̀lé e, bí a ṣe ń tẹ̀lé ẹni tó ṣìnà láti wò ó bóyá ó ṣì mọ ìrìn. A ó yọ máàkì ibi tó ti kọsẹ̀, a ó fún un ní ìyókù. Ẹni tó bá kọ ìdáhùn láìfi ọ̀nà hàn, ọ̀gá wa kì í fún un ní nǹkan kan. Á ní, “Ta ni mo fẹ́ bi pé níbo ló ti rí i?”

Àádọ́ta ni máàkì àṣeyege. Bí ẹnikẹ́ni ní agbègbè wa kò bá dé àádọ́ta, káńsù yóò gbé àyè náà fún agbègbè mìíràn. Ọjọ́ tí a máa parí, a ti ṣe gbogbo ìwé tán àfi ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó dé ogójì. Ìwé tó kù, láti Ẹ̀pẹ́ ni. Kò sí orúkọ lára wọn, nọ́ńbà nìkan ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi ni ìwé náà wà. Bí mo ti ń ṣí i ni mo rí i pé ọmọ náà mọ̀ ọ́n. Mo ro máàkì rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ mẹ́rìnlélógójì, ó sì ku ìbéèrè kan tó ní máàkì mẹ́jọ.

Ìbéèrè náà nìyí. Ọkọ̀ alájẹ̀ kan fẹ́ kọjá odò tó fẹ̀ ní máìlì méjì. Ọkọ̀ ń lọ ní máìlì mẹ́wàá ní wákàtí kan, omi ń ṣàn ní máìlì mẹ́fà ní wákàtí kan. Ibo ni awakọ̀ yóò kọ imú ọkọ̀ sí kó lè gúnlẹ̀ sí ọ̀kánkán ibi tó ti kúrò, báwo ni yóò sì ti pẹ́ tó? Èmi náà ti ṣe é fúnra mi kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mo rí mẹ́wàá, mo rí mẹ́fà, mo ti mọ̀ pé mẹ́jọ ni ìyára tí yóò kù fún ọkọ̀ láti fi kọjá. Ọmọ yìí náà rí i. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó wá igun náà, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọkọ̀ yóò fi kọjá. Ó tọ̀nà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wá fi gègé fa igi ńlá kan kọjá lórí gbogbo rẹ̀. Ní abẹ́ ibẹ̀ ó fi òyìnbó kọ ọ́ pé kò sí ọkọ̀ alájẹ̀ tó lè sáré báyìí, nítorí náà òun ti ní láti ṣì í níbì kan. Lẹ́yìn ìyẹn, bébà funfun ni. Àkókò ti tán mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí. Ẹkún ló fẹ́ tẹ̀lé e. Abúlé apẹja létí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí, kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́, àwọn ènìyàn mi wá láti etí òkun Ìlàjẹ. Inú ọkọ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń jókòó. Síbẹ̀ nígbà tí mo ń ṣe ìbéèrè yẹn, ọkọ̀ kankan kò wá sí mi lọ́kàn.

Ọ̀gá wa gba ìwé náà, ó wò ó, ó gbé e kalẹ̀. “Òdo,” ló wí. “Ó ti fagi lé e.”

Tíṣà Mùsùlùmí rọra fa ìwé òfin máàkì sọ́dọ̀. “Ẹ jọ̀wọ́, sà. Wọ́n ní iṣẹ́ tí ọmọ bá fagi lé, tó sì kọ òmíràn rọ́pò rẹ̀, a kò gbọdọ̀ wò ó. Eléyìí kò kọ òmíràn.”

Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ojú rẹ̀ korò. “Ó dáa. Ẹ fún ọmọkùnrin yìí ní máàkì ọ̀nà, márùn-ún. Máàkì ìdáhùn, rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé àwa ni a ó wá máa bẹ̀ ẹ́ pé ó rí bẹ́ẹ̀?”

Márùn-ún lórí mẹ́rìnlélógójì, mọ́kàndínláàádọ́ta nìyẹn. Mo wo ojú wọn bóyá ẹnì kan yóò sọ̀rọ̀. Tíṣà Mùsùlùmí wo ilẹ̀. Ọ̀gá mú gègé, ó buwọ́ lu ìwé máàkì, ó tì í sí iwájú mi. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ọ̀sán ni yóò sì gbé e láti èbúté Ìpakodò lọ sí Èkó.

“Mi ò ní buwọ́ lù ú, sà.”

“Kí lo wí?”

“Mo ní mi ò ní buwọ́ lù ú.”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ẹ̀pẹ́ ni ìwé yìí ti wá. Ọmọ etí omi ni ìwọ náà. Ṣé ará ilé rẹ ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ṣinṣin. Mo ní n kò mọ ẹni tó ni nọ́ńbà náà, bí mo bá mọ̀ ọ́n kí ojú mi fọ́. Ó ní bí n kò bá buwọ́ lù ú, òun yóò kọ̀wé sí àwọn tó gbà mí síṣẹ́ pé mo fẹ́ fi máàkì ṣe ojúsàájú, a ó wá wò ó bóyá mo tún máa rí kíláàsì wọ̀. Mo mọ̀ pé ó lè ṣe é. Èmi ni mo ń tọ́jú ìyá mi lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Tíṣà Mùsùlùmí ní, “Míìsì, ẹ ní sùúrù, ẹ jọ̀ọ́.” Níbo ni kí n ti rí sùúrù?

“Ẹ̀yin lẹ kọ ìbéèrè yìí, sà,” ni mo wí.

Òun fúnra rẹ̀ ló ti sọ fún wa ní ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, tó ń yangàn pé ìwé òyìnbó ni òun ti mú un, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló wà nínú rẹ̀, òun ló sọ ọ́ di ọkọ̀ alájẹ̀ kí ó lè bá ilẹ̀ wa mu. Ó pa ọkọ̀ dà, kò pa ìyára rẹ̀ dà.

Mo bi í pé, “Ṣé ẹ ti wọ ọkọ̀ alájẹ̀ rí, sà?” Mo ní, “Bàbá mi máa ń kúrò lábúlé wa nígbà tí àkùkọ bá kọ, oòrùn á ti gun orí kí ó tó dé ọjà Ẹ̀pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni apá rẹ̀ le. Bí ọkọ̀ bá ń sáré bí ẹ ti kọ ọ́ yìí, à bá máa sùn dòwúrọ̀. Omi ọ̀sà tó bá sì ṣàn ní máìlì mẹ́fà, ilé wa ìbá ti bá a lọ. Ọmọ yìí ṣe ìṣirò yín, ó rí ìdáhùn rẹ̀. Ó wá wo ìdáhùn ọ̀hún, ó rí i pé irọ́ ni. Kò mọ̀ pé àgbà lè parọ́ nínú ìbéèrè, ó rò pé òun ló ṣì í. Ẹ fẹ́ gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé ó fọkàn tán yín.”

Bí mo ti sọ ọ́ tán ni ẹ̀rù bà mí. Mo rí i pé mo ti sọ fún àgbàlagbà pé ó parọ́. Mo dúró kí ó ní kí n jáde.

Ó mú ìwé ìbéèrè, ó kà á. Ó pẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ìró àwọn tó ń múra àtilọ sí Ìpakodò ti ń wọlé láti ojú ọ̀nà, tíṣà Mùsùlùmí sì ń wo ìta, ó ń wo wá. Ọ̀gá bi mí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, pé bí òun bá pe ọmọ náà síbí báyìí, tí òun bi í bóyá ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà, kí ni yóò wí?

Mo ní, “Yóò ní ìṣirò náà tọ̀nà, ọkọ̀ yín ni kò tọ̀nà.”

Ó jókòó. “Kọ mẹ́jọ,” ló wí. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà pé ẹni tó kọ ìbéèrè ló ṣì í. A sọ iye rẹ̀ di méjìléláàádọ́ta nínú ìwé máàkì, àwa méjì tó kù sì buwọ́ lù ú. Ọ̀gá kò wo ojú mi mọ́ títí a fi túká. Tíṣà Mùsùlùmí ló gun kẹ̀kẹ́ gbé àpò náà lọ sí Ìpakodò pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, ó sì bá ọkọ̀.

Nígbà tí èsì jáde ni mo tó mọ ẹni tó ni nọ́ńbà náà. Ọmọbìnrin ni. Ọmọ àwọn oníṣòwò ẹja ní Ẹ̀pẹ́, àwọn Mùsùlùmí tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó lọ sí Ìbàdàn. A kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ inú yàrá máàkì fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà n kò sọ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé mi lọ kọ́ni ní Ẹ̀pẹ́, ó gbọ́ pé tíṣà ìṣirò tuntun dé, ó wá kí mi ní ọlidé, ó kúnlẹ̀, ara rẹ̀ ti dán. Mo se oúnjẹ fún un. Ọ̀rọ̀ dé orí ìdánwò náà, òun ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ bo ojú.

“Mà, ẹ má dá mi lóhùn. Ìwà ọmọdé ló ń dà mí láàmú nígbà yẹn. Mo kọ nǹkan kan sábẹ́ ìṣirò ọkọ̀, ojú ń tì mí di òní. Mo ti gbọ́n báyìí. Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ alájẹ̀ ń fò, màá ṣírò bó ṣe ń fò, màá sì kọjá síwájú.”

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí n yìn ín, tíṣà ìṣirò ṣáà ni mí. Ìlà tí mo torí rẹ̀ fi iṣẹ́ mi wéwu ni ó ń tọrọ àforíjì fún. Inú bí mi, n kò mọ ẹni tí n ó bínú sí, mo sì bu ẹja kún àwo rẹ̀.