Dísìkì Tí Kò Wúkọ́

Ìyá Túnunṣe ni wọ́n ń pe obìnrin yìí, nítorí kò sí ohun tó bàjẹ́ tó lè fojú fò. Bó bá kí ọ nílé tí àga rẹ ń mì, yóò ti dojú àga náà délẹ̀ kó tó dáhùn pé àlàáfíà ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní bí ìyá àwọn bá dé ọ̀run, yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ilẹ̀kùn ibẹ̀ ń dún. Iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun ni àtúnṣe kọ̀ǹpútà àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ń lò nílé nígbà tí dísìkì ṣì fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, tó rọ̀, tó wà nínú àpò dúdú pẹlẹbẹ.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ afọ́jú, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ afọ́jú níwèé. Òun ló ń tẹ ìwé ìdánwò wọn nínú yàrá tóóró kan lẹ́yìn ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ilé ìwé wọn. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń darí ẹ̀rọ tí ń gún bébà, kí àwọn kókó wínníwínní tí afọ́jú ń fi ìka kà lè yọ lára rẹ̀. Dísìkì kan ṣoṣo ló ń mú kọ̀ǹpútà náà ṣiṣẹ́ yìí, àwọn tó sì ṣe dísìkì náà ti kógbá wọlé tipẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò àṣekágbá, dísìkì náà kọ̀, kò ṣí. Àbúrò ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Túnunṣe gbé dísìkì náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ojú rẹ̀ ti ń ṣí bí ọ̀dà ara ògiri tí òjò ti pa.

"Eléyìí ti ń kú lọ. Bóyá la fi lè kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Màá da á kọ sórí òmíràn kó tó gbẹ́mìí mì."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́ o. Bí kò bá ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ mi ò ní ṣèdánwò lọ́la nìyẹn. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Ta ló ń bá ọ ṣeré? Dákẹ́, jẹ́ kí n gbọ́ràn."

Ó mú dísìkì òfìfo jáde látinú báàgì rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo tí kò tíì bàjẹ́ nínú gbogbo èyí tó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ti àtijọ́ kọ sórí rẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí ó fi kan eteetí inú lọ́hùn-ún, nítòsí ihò àárín. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń ka dísìkì ti ń kọsẹ̀. Ojú ibẹ̀ ní ègbò. Inú obìnrin náà dùn pé òun bá ègbò náà lákòókò. Ó pàṣẹ pé kí kọ̀ǹpútà tún ibẹ̀ ṣe kó tó kọ ọ́ sórí ẹ̀dà. Nígbà tó fa ògbólógbòó dísìkì náà yọ, eruku pupa ojú rẹ̀ ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ, ike lásán ló kù. Ó ti kú.

Ó nu ẹnu ẹ̀rọ, ó ki ẹ̀dà bọ̀ ọ́, ó tàn án. Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ó tún un tàn. Ọ̀rọ̀ kan náà.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní kì í ṣe ojúlówó. Ó pè mí lólè."

Ọ̀gá àgbà yọrí wọlé. "Mọ̀mí, ṣé ó ti ṣí? Kí a tó palẹ̀ mọ́ ni àwọn aláṣẹ ìdánwò ń bọ̀ wá kó ìwé náà. Bí wọn ò bá bá a, wọ́n á yọ orúkọ àwọn ọmọ yẹn."

"Ó ń bọ̀ lọ́nà, mà," ni ó wí, ṣùgbọ́n òógùn ti bo imú rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀kùn padé, àbúrò rẹ̀ na ọrùn síwájú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ikọ́ rẹ̀ dà?"

"Ikọ́ wo? Ṣé ọ̀fìnkìn ń ṣe dísìkì ni?"

"Ó máa ń wúkọ́ kó tó ṣí. Gà-gà-gà, bí àgbàlagbà tó fẹ́ wọlé onílé. Lẹ́yìn ikọ́ yẹn ló ń ṣí. Tòní ò wúkọ́. Wẹ́rẹ́ ló kọjá."

Ìyá Túnunṣe jókòó lójijì. Àwọn tó ṣe dísìkì náà ló mọ̀ọ́mọ̀ dá ègbò sí i, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ jí i dà kọ kò ní lè da ègbò kọ. Ètò tó wà nínú dísìkì náà máa ń lọ yẹ ibẹ̀ wò kó tó ṣí. Bó bá bá a ní dídán, kò ní ṣí fún ẹnikẹ́ni.

"Mo ti wo ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ sàn," ó ní.

"Ẹ dá a padà síbẹ̀ nígbà náà."

"Kọ̀ǹpútà ò mọ ègbò í kọ, ọmọ ìyá mi. Àfi..."

Àfi kí èèyàn ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ tí ń ka dísìkì nígbà tó ń kọ̀wé sí i lọ́wọ́, kí ọ̀rọ̀ já lágbedeméjì. Kò sí oníbàárà tí kò tíì bá wí nítorí irú ìyẹn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá sì wúwo, irin tí ń kọ̀wé yóò ha dísìkì, òmíràn ò sì sí mọ́.

"Èmi ò gbọ́ ohun tí ìwọ ń gbọ́," ó ní. "Bó bá ti ń kọ, kí o pariwo."

Àbúrò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n fi àtàǹpàkò ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà, ó ní kí kọ̀ǹpútà kọ ojú ibi tí ègbò wà tẹ́lẹ̀ nìkan.

"Báyìí!"

Ó ṣí i. Wọ́n tàn án. Ó kọjá wẹ́rẹ́.

"Ẹ pẹ́," ni àbúrò wí. "Ẹ má dúró de ẹnu mi. Ọwọ́ mi ni kí ẹ máa wò."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ìka àbúrò gbéra lórí ẹ̀rọ, ilẹ̀kùn sì là. Ìyá Túnunṣe kò fẹ́ wojú kọ̀ǹpútà nígbà tó tún un tàn. Ojú àbúrò rẹ̀ ló ń wò.

Gà. Gà-gà.

Kò sí ohun tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì kejì bẹ̀rẹ̀ sí í gún bébà.

Ọ̀gá àgbà sáré wọlé pẹ̀lú páálí tí wọ́n máa kó ìwé sí, ó fẹ́ gbé e lé orí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má gbé e síbẹ̀!" ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò fi ẹnu kan sọ.

Àbúrò fa bébà àkọ́kọ́ sókè, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. "Ó pé," ó ní. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn ẹnu ẹ̀rọ náà mú pinpin, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí bébà ọmọ tó kẹ́yìn fi jáde.