Rọ́bà Bíréèkì Píkọ́ọ̀pù Àlááji

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Adégbọlá mẹ́káníìkì ní àdúgbò Chanchaga, wọn kì í ní ó mọ ọkọ̀ tún ṣe. Wọ́n á ní ó mọ ọkọ̀ gbé ga. Ọkọ̀ fó-wíìlì tí ikùn rẹ̀ ń wọ́ lórí àpáta, kí ẹni tó ni ín ṣáà fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Yóò fi ewé sìpírìn lọ́rì kún tẹ̀yìn, yóò gbé tiwájú sókè, yóò wọ̀ ọ́ ní taya ńlá eléyín, ọkọ̀ á wá dúró bí àgbò tó rí àgbò ẹgbẹ́ rẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló ní: ọkọ̀ kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ó gbé e kọ́. Yóò fi jáàkì gbé ara ọkọ̀ títí àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi máa fì nínú afẹ́fẹ́, yóò wọ abẹ́ rẹ̀, yóò wo gbogbo ohun tó lè nà já.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1998, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Àlááji Àbdùlsàlámì wá gba píkọ́ọ̀pù rẹ̀ tí Adégbọlá gbé ga. Ọmọ Ọ̀fà ni, òun ló ń fi ọkọ̀ gbé àwọn tó ń fún ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí abúlé.

"Gbọlá, lemọ́mù ti fẹ́ẹ̀ gun mìńbárì! Ṣé o ti ṣe tán?"

Adégbọlá, tí kì í pa ìsìn ọjọ́ Ìsinmi jẹ, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Kìrìsìtẹ́nì ló jẹ́ kí ìrun Jímọ̀ bọ́ mọ́ Mùsùlùmí lọ́wọ́. Ó wo rọ́bà bíréèkì ẹ̀yìn, èyí tí ọ́ìlì bíréèkì ń gbà kọjá, bí ọkọ̀ ṣe dúró nílẹ̀, ó rí i pé ó tó, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ lé Àlááji lọ́wọ́. Kò gbé e kọ́.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó wà lábẹ́ ọkọ̀ mìíràn tó gbé kọ́ nígbà tó rí bí rọ́bà tibẹ̀ ṣe nà tẹ́ẹ́rẹ́. Ó rántí pé òun kò gbé ti Àlááji kọ́. Àlááji ti gbéra láti kùtùkùtù, òun àti nọ́ọ̀sì Nàímátù, wọ́n ń lọ sí abúlé kan lẹ́yìn òkè, níbi tí ọ̀nà ti dà gẹẹrẹ sínú àfonífojì. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá já sí kòtò ńlá kan péré, rọ́bà á já, ọ́ìlì á dà, bíréèkì á di àlá. Lọ́dún náà, kò sí fóònù tí ènìyàn lè fi pe ẹni tó wà lórí òkè.

Ó sáré wọlé lọ mú rọ́bà gígùn àti ìgò ọ́ìlì. Ìyàwó rẹ̀, Mofọláyọ̀, tó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì, wo ojú rẹ̀.

"Bàbá Dámi, ta ló kú?"

"Kò tíì sí."

"Kò tíì sí? Irú ìdáhùn wo nìyẹn?" Ó gbé àwo ìrẹsì kalẹ̀. "Ẹ máa lọ. Àdúrà di tèmi. Ẹ̀yin ẹ má dijú gbàdúrà lójú ọ̀nà. Ẹ lajú yín sílẹ̀ lórí alùpùpù Suzuki yẹn o!"

Adégbọlá gun alùpùpù, ó tẹ̀ lé ipa taya eléyín píkọ́ọ̀pù náà nínú ẹrẹ̀. Ní gbogbo kòtò tó bá dé, ó ń wò ó bóyá ọ́ìlì ti kán síbẹ̀. Nígbà kan, ó rí ohun tó ń dán lórí òkúta. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀. Omi ni. Ó tún gun alùpùpù rẹ̀. Ó ti ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún ìyá Nàímátù, kò sì rí èyí tó ṣeé sọ.

Ṣóńṣó òkè ló ti bá wọn. Píkọ́ọ̀pù ti kọ imú sí ìsàlẹ̀. Ó ju alùpùpù sílẹ̀, ó lọ dúró níwájú ọkọ̀.

"Subuhana Lahi! Gbọlá, ṣé o fẹ́ kí n pa ọ́ ni?"

"Àlááji, ẹ má sún! Ẹ jẹ́ ká fi òkúta há taya."

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Rọ́bà ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ́ìlì ń yọ lára rẹ̀ bí òógùn. Ó lè sọ pé rọ́bà náà ló ti gbó. Ó yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀.

"Èmi ni mo jẹ̀bi," ó sọ. "Mi ò gbé e kọ́ lánàá. Mi ò fẹ́ kí Jímọ̀ bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

Àlááji yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀. "Pé kí n kírun nìkan ò tó ọ. O tún fẹ́ kí n lọ bá Ẹni tí mò ń kírun fún."

"Haba, Àlááji!" Nàímátù di àpótí abẹ́rẹ́ mọ́ àyà. "Irú eré wo nìyí?"

Adégbọlá pààrọ̀ rọ́bà, Àlááji ń bá a tẹ bíréèkì títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán nínú ọ́ìlì. Lẹ́yìn náà Àlááji sọ̀ kalẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Wà á lọ sísàlẹ̀. Àwa á fi ẹsẹ̀ rìn."

"Èmi?"

"Ṣé ọwọ́ mi ló so rọ́bà ni?"

Adégbọlá jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ Sáàmù kan tó ti mọ̀ láti kékeré, ó gbàgbé ìlà kejì. Ó fi jíà kìíní gbéra. Òkúta ń yẹ̀ lábẹ́ taya, ẹ̀yìn ọkọ̀ ń fẹ́ yà síwájú. Ó tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rì díẹ̀, ọkàn rẹ̀ rì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ dúró. Ó tú u, ó tún tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe, ìdúró lórí ìdúró, títí ilẹ̀ fi tẹ́jú.

Nàímátù ló kọ́kọ́ dé bá a. "Sannu da aiki, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ jẹ́ n tún bíréèkì tẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i."

Àlááji ṣí ilẹ̀kùn. "Sún lọ́hùn-ún. Ọ̀nà ṣì kù, yìnyín tó ń mú abẹ́rẹ́ tutù ń yọ́. Tí a bá ń padà la máa gbé Suzuki rẹ."

Adégbọlá sún. Àlááji wa ọkọ̀ lọ. Títí wọ́n fi dé abúlé, ní gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n bá dé, Adégbọlá ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ níwájú ara rẹ̀, níbi tí kò sí bíréèkì kankan.